Omi Tí Kò Ní Tanwíjí

Ẹni tó bá rò pé òun ti rí nǹkan láyé, kó jókòó ná. Èmi tí ẹ ń wò yìí, aláǹtakùn ti mu omi ní àtẹ́lẹwọ́ mi rí, lọ́sàn-án gangan, nílùú Adó-Èkìtì. Aláǹtakùn náà tóbi tó asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì. Ó mu omi títí inú rẹ̀ fi yọ róńdó, ó fi ẹsẹ̀ iwájú nu ẹnu, ó fi ojú rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò mí, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Kò pè é ní iṣẹ́ bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń pè é. Uṣẹ́ ló pè é, bí ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sílé.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nídìí ẹmu, mo ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà, ẹ rín tiyín níbí. Ẹ̀rín kò pọ̀ lọ́nà ibi tí à ń lọ.

Nígbà náà, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí àwọn sójà gé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára ti Ìwọ̀-Oòrùn. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Lábù là ń pe ibẹ̀. Èmi ni mò ń fọ ìgò, tí mò ń nu tábìlì, tí mò ń wá ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́bàá odò nígbà tí tíṣà bá fẹ́ fi kọ́ wọn. Kíláàsì kejì Módà ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀, mo sì ń pe àwọn kan dáadáa ju tíṣà fúnra rẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Tàbí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ irọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni mí, ẹni tí wọ́n lè sọ fún láàárọ̀ pé kó má wá mọ́ lọ́la. Ọdún kẹfà mi nìyẹn ní lábù, orúkọ mi kò tíì wọ ìwé ìjọba. Mo ti ní ìyàwó, mo ti ní ọmọ méjì, mo ti gba yàrá méjì ní àdúgbò Adébáyọ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí òjíṣẹ́ bá ti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà bọ̀ tòun ti ìwé lọ́wọ́.

Tíṣà tó ni lábù náà, ará Íńdíà ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, kì í jẹ ẹran, kì í pa kòkòrò. Bí aáyán bá wọ yàrá rẹ̀, páálí ló fi ń gbé e jáde bí ẹni ń sin àlejò sọ́nà. Síbẹ̀ ó ń sin aláǹtakùn márùn-ún, ó sì ń fi ìrẹ̀ bọ́ wọn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ti ìrẹ̀ kì í ṣe ẹ̀mí ni. Ó ní òun kọ́ lòun ń jẹ ẹ́.

Àwọn aláǹtakùn yìí kì í ṣe irú èyí tó ń ta òwú sí kọ̀rọ̀ àjà. Èyí tó ń gbé inú ihò ilẹ̀ lóko kòkó ni, onírun, tó dúdú bí ilẹ̀ àkùrọ̀, tó bá na ẹsẹ̀ tán, á bo ọwọ́ àgbàlagbà. Àwọn àgbẹ̀ tó bá rí i, àdá ni wọ́n fi ń kí i. Tíṣà wa wú wọn lóko kan lọ́nà Ìgèdè, òun àti lébúrà tó ń gé koríko ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ Ìgèdè fúnra rẹ̀. Ó kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò gíláàsì ńlá, ó bu ilẹ̀ sí i nídìí, ó lu ìdérí rẹ̀ níhò, ó sì gbé ọmọrí ìgò kékeré síbẹ̀ fún omi mímu. Èyí tó dàgbà jù, obìnrin ni, Ìyá Àgbà là ń pè é. Tíṣà ní ó lè ti pé ọdún mẹ́wàá, ó sì lè lo mẹ́wàá mìíràn bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá gbọ́n.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lọ́dún náà, lẹ́tà dé láti ìlú rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn. Ó gba ààyè oṣù méjì lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà. Ó pè mí sí lábù lọ́jọ́ tó ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo gbọ́ ìdajì, mo fi ojú rẹ̀ ka ìdajì tó kù.

"Bí mo bá dé tí mo bá wọn láàyè," ó ní, "èmi fúnra mi ni n ó kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà pé kí orúkọ rẹ wọ ìwé ìjọba. N ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé o mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí."

"Bí wọ́n bá kú ńkọ́, sà?"

"Kí ni n ó wá kọ nígbà náà?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn bi mí ni.

Ó ní oúnjẹ kò ṣòro, aláǹtakùn lè gbààwẹ̀ ju wòlíì lọ. Omi ni kí n ṣọ́. Kí n má fún wọn ní omi ẹ̀rọ nítorí oògùn tí wọ́n ń dà sí i. Kí n má fún wọn ní omi kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá. Kí n má fi korobá tí ọṣẹ ti kàn bu omi wọn. Omi òjò ló dára jù, omi òjò tó mọ́.

Mo ní, "Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó mọ́, sà?"

Takisí tó fẹ́ gbé e lọ ti ń fun fèrè níta. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Wo inú rẹ̀. Wo ohun tó ń gbé inú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo dì mú bí ẹni di igi mú nínú àgbàrá.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi kiri Adó bí olówò tó ń wo aṣọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, òjò ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn lábù, tí omi bá yọ níbẹ̀, òórùn oògùn rẹ̀ á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo fò ó. Kànga ilé ẹ̀kọ́ ti gbẹ débi pé omi rẹ̀ funfun bí omi ọkà, álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mú un tòrò. Mo fò ó. Odò Àjílosùn, àwọn ẹni tó ń fọ aṣọ ti da ìfófòó ọṣẹ bò ó. Mo wá yà sílé àwọn tó tọ́jú omi òjò pa mọ́. Ilé tí mo bá wọ̀, mo máa ń kí wọn, n ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí n wo inú àgbá wọn. Wọ́n á ní kí ni mo ń wá. N ó ní omi fún aláǹtakùn ni. Ìyá arúgbó kan ní òun gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ girama ń ya àwọn ènìyàn ní wèrè, òun kò mọ̀ pé àwọn tó ń fọ ìgò ló ń kọ́kọ́ bá.

Inú gbogbo àgbá tí mo wò, tanwíjí ló kún bẹ̀. Ẹ mọ tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tó ń yí bírípé-bírípé nínú omi, tó ń sáré lọ sísàlẹ̀ tí òjìji ènìyàn bá ti kàn án. Tíṣà ní kí n wo ohun tó ń gbé inú omi. Mo wò ó. Mo ní omi tí nǹkan ń gbé inú rẹ̀ kò mọ́ nìyẹn.

Ilé ara mi ni mo wá padà sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mi. Àgbá kan wà níbẹ̀, àgbá onírin gbọ̀ngbọ̀nràn tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú níta. Àna mi ló fún wa. Bàbá ìyàwó mi, àgbẹ̀ kòkó ni ní Ìgbẹmọ, nígbà tí a sì sọ ọmọ wa kejì lórúkọ, ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbé àgbá náà wá. Àwọn ará àdúgbò pa àtẹ́wọ́. Ta ni yóò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àna rẹ̀ tí yóò bi í pé kí ló ti wà nínú rẹ̀ rí? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyàwó mi kúnlẹ̀, a gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí òjò tó dé.

Láti ọjọ́ náà, a kò rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọ̀kan péré, a kò rí i. Gbogbo Adébáyọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi, Aládùúrà ni, Sáàmù ló máa ń kà sí i lórí kó tó bo ìdérí rẹ̀, ó sì máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò tó bá wá tọrọ omi pé, "Ẹ bù ú, ẹ má bẹ̀rù, àdúrà ti lọ ṣáájú yín." Èmi tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń tẹ dùùrù, mo gbà pé bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ dáadáa ni. Ọ̀nà méjì la gbà mọ̀ pé omi wa dára ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ọ̀nà méjèèjì ló ṣì wá lọ́nà.

Láràárọ̀ ni mo ń pọn omi inú àgbá náà sínú ìgò, tí mò ń gbé e rin ìrìn láti Adébáyọ̀ dé ilé ẹ̀kọ́, tí mò ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́. Mo ń ro omi sínú ọmọrí wọn bí ẹni ń ro oògùn sí ọmọ lẹ́nu.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, lébúrà ará Ìgèdè yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà lábù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín ti sùn."

"Sùn báwo?"

"Sísùn tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún."

Mo sáré wọlé. Èyí tó wà nínú ìgò tó súnmọ́ fèrèsé ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká sábẹ́ bí ìka ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́. Mo fi igi kàn án, kò mira.

"Ẹ̀yin lọlọ́fọ̀," lébúrà ní. "Ṣé ẹ ó pa ewúrẹ́ ni àbí adìyẹ la ó fi tọ́jú àlejò?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ."

"Mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tètè wá aṣọ dúdú, nítorí èyí tó tẹ̀ lé e ń gbọ̀n."

Òótọ́ ló sọ, ó ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó bí ẹni tí otútù mú. Mo rò pé ọyẹ́ ni, mo gbé ìgò náà sínú oòrùn. Kò di ọ̀la tó fi kú.

Mo ní omi tó ń ti ilé bọ̀ ló ń gba eruku lójú ọ̀nà. Mo wá ìgò tó ní kọ́ọ̀kì. Mo fi gèlè funfun tí ìyàwó mi ń wé lọ sílé àdúrà sẹ́ omi náà, ó sì fi ọjọ́ méjì bá mi jà. Mo sè é lórí iná títí tó fi hó, mo jẹ́ kó tutù. Ẹ̀kẹta kú. Mo tún fọ àwọn ọmọrí, mo pààrọ̀ ilẹ̀ inú ìgò, mo ro omi púpọ̀ sí i, torí mo rò pé òǹgbẹ ló ń pa wọ́n. Gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo pààrọ̀. Omi àgbá yẹn nìkan ni n kò pààrọ̀.

Lébúrà kan náà ló gbà mí nímọ̀ràn, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe fún wọn ní omi ẹ̀rọ? Èmi ń mu ún, mo ṣì wà."

"Tíṣà ní oògùn wà nínú rẹ̀."

"Oògùn náà, ṣé ó ju ohun tó ń pa wọ́n lọ ni?"

Mo ní ìwé tí òun kà kò tó tèmi. Òótọ́ ni, kò kàwé rárá. Ó gbé àdá rẹ̀, ó lọ gé koríko. Ẹ̀kẹrin kú lọ́sẹ̀ náà.

Ó wá ku Ìyá Àgbà. Òun ti kọ oúnjẹ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò jẹ ìrẹ̀, kò súnmọ́ omi, ó ta òwú funfun dí ara rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ ìgò. Mo rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Àṣé àìmu omi yẹn ló dá a sí. Ní ọjọ́ kan nígbà ìsinmi àárín ẹ̀kọ́, mo bá a tó sùn síbẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ òdì, àyà sókè, ẹsẹ̀ sókè.

Lébúrà yọjú, ó ṣí fìlà. "Ó pé márùn-ún."

Mo gbé ìgò náà lọ sídìí àkìtàn lẹ́yìn lábù. Mo ti ṣí ìdérí, mo ti ń dà á nù, ni mo rí i tí ẹsẹ̀ kan fà díẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta nínú oòrùn, mo gbé ìgò náà sórí itan. Láti ìsinmi títí agogo ìparí fi lù ni mo fi jókòó síbẹ̀ tí mò ń wò ó. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ẹ̀wù tó rin mọ́ ọn lára. Nígbà tó jáde tán, ó dúdú, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ tuntun. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pé pẹ̀lú ẹsẹ̀, pẹ̀lú irun, pẹ̀lú èékánná, bí aláǹtakùn mìíràn tó jẹ́ òfìfo nínú. Nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ kan yẹn nìkan ni inú mi dùn. Mo ṣa awọ náà, mo tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò kan tó ti ṣófo.

N kò fọkàn tán lábù mọ́. Mo gbé Ìyá Àgbà lọ sí Adébáyọ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi àti ẹran yìí kò ní í gbé ulé kan."

"Ìwé ìjọba ni mo gbé wọlé yìí, kì í ṣe ẹran."

Ó wò ó, ó wò mí, ó yà fún mi. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbé ìgò náà sí, lábẹ́ ibòòji, nítòsí àgbá.

Lọ́jọ́ kẹrin, Sátidé, Ìyá Àgbà jáde kúrò nínú òwú rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ìdí ìgò káàkiri. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Omi àgbá ti lọ sísàlẹ̀ nígbà náà, mo ní láti dojú bọ inú rẹ̀ kí ọwọ́ mi tó kàn án. Mo bu ìwọ̀nba tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, mo tẹ́ ọwọ́ náà sínú ìgò. Ó gun orí ìka mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Ó tẹ orí ba, ó sì mu. Ó mu ún fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpìrì, n kò jẹ́ mì.

Oòrùn ò tíì yẹ̀ nígbà tí àna mi dé láti Ìgbẹmọ pẹ̀lú àpò iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó mi gbé àga fún un lẹ́yìn ilé níbi tí ibòòji wà, ó sáré bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe fún àlejò nìyẹn. Bàbá gbà á, ó gbé e dé ẹnu, ó dúró.

"Níbo lẹ ti bu omi yìí?"

"Nínú àgbá yín ni, Bàbá," ìyàwó mi ní. "Títí di òní yìí, a kò rí tanwíjí nínú rẹ̀."

Bàbá sọ kọ́ọ̀pù kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mu ún.

"Mo rò pé aṣọ lẹ ń fi í fọ̀," ó ní. "Àgbá oògùn kòkó ni. Èyí tí a fi ń fín kòkó nítorí kòkòrò. A fi eérú fọ̀ ọ́, a dáná sun ún nínú, ṣùgbọ́n oògùn yẹn, kì í lọ tán. Tanwíjí kẹ̀? Kí ni yóò gbé inú rẹ̀?"

Adìyẹ kan wá, ó fẹ́ mu nínú kọ́ọ̀pù náà, Bàbá fi ẹsẹ̀ lé e.

Ìyàwó mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Àwa ńkọ́, Bàbá? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bàbá wo àwọn iṣu tó gbé wá. "Ẹ ṣì wà láàyè, àbí? Ara yín le." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní ọkọ̀ tí yóò gbé òun padà kì í pẹ́ lọ, ó sì dìde. Kò dúró jẹun. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò sọ̀rọ̀ àgbá mọ́, àwa náà kò jẹ́ bi í. Ta ni yóò bi àna rẹ̀?

Mo gbé ṣágo, mo jáde. Ẹ̀rọ tó wà ní oríta Adébáyọ̀ kò yọ omi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń wọ ilé dé ilé, mò ń tọrọ omi ẹ̀rọ tí mo ti kọ̀, títí mo fi rí obìnrin kan tó tọ́jú díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí mo padà dé, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti ń jó. Mo ro omi náà síwájú rẹ̀. Kò lè tẹ ẹnu ba mọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká sábẹ́.

A yí àgbá náà dà nù. Aládùúgbò kan rí i, ó ní kí a fún òun. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ mu ún lódindi ọdún, ẹ sì ń rìn. Ẹ fẹ́ fi ahun ṣe mí ni." Ó yí i gbirigbiri lọ sílé rẹ̀. Nígbà tí òjò padà, mo rí i lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kún dẹ́nu, omi rẹ̀ mọ́ gaara bí ojú dígí, ìyàwó rẹ̀ sì ń júwe rẹ̀ fún àwọn tó wá pọn ún pé tanwíjí kì í débẹ̀. Mo tún sọ fún un. Ó ní inú ń bí mi pé mo fi í sílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà báyìí, síbẹ̀ bí orí bá ń fọ́ ọ̀kan nínú wọn, àgbá dúdú yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Tíṣà dé nígbà tí ọyẹ́ ń lọ sópin. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro, ìyá rẹ̀ ti kú. Mo dúró dè é ní lábù. Mo wò ó lójú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́, láti orí àna mi dé orí tanwíjí. Mo ní, "Sà, èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ ní kí n wo ohun tó ń gbé inú omi, mo wò ó, n kò mọ̀ ọ́n kà." Ó gbé ọwọ́ lé mi ní èjìká. Ó ní ẹni tó sọ òótọ́ bí èyí yẹ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ìjọba.

Irọ́ ni ibẹ̀ yẹn. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ìwé ni mò ń kọ báyìí, mo sì ti darúgbó.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo dá ìgò Ìyá Àgbà padà sí lábù, mo gbé awọ tó bọ́ sílẹ̀ sínú rẹ̀, mo tò ó dáadáa sórí ilẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Tíṣà wọlé, ó rí ìgò mẹ́rin tó ṣófo, ó lọ tààrà sídìí ẹ̀karùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ tàn. Ó fi bírò kàn án jẹ́jẹ́. Awọ náà fẹ́ lọ bí èèpo ẹ̀pà.

Ó wá bi mí. "Omi wo?"

Mo ní, "Omi ẹ̀rọ, sà. Lébúrà ló fún wọn nígbà tí n kò sí níbí."

N kò lè sọ pé àna mi fún wa ní májèlé. N kò sì fẹ́ pàdánù ìwé náà. Ó pàpà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, Tíṣà kò kọ ọ́. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ẹ̀rọ Adó ń pa aláǹtakùn, ó sì gbé irọ́ náà lọ sí Íńdíà nígbà tó ń padà lọ pátápátá. Kò lé lébúrà níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí i. Lébúrà wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń fọ ìgò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo pa aláǹtakùn." Mo ń fọ ìgò lọ. Ó yí padà, ó lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí èmi náà má wá mọ́ lọ́la.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo hùmọ̀ nìwọ̀nyí: aláǹtakùn náà kò tóbi tó asẹ́, kò kí mi kú uṣẹ́, n kò sì sọ òótọ́ fún Tíṣà. Omi ló mu lọ́wọ́ mi ní tòótọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.